Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Fi Nọ́ńbà Alápá Méjì Rán Kalikulétọ̀ Níṣẹ́

Ohun tí o ó lè ṣe ní ìparí orí yìí

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

1. ṣí kalikulétọ̀ sí ipò tí yóò ti gba nọ́ńbà tó ní i nínú;
2. tẹ nọ́ńbà náà wọlé ní ìrísí a+bi àti ní ìrísí gígùn pẹ̀lú igun;
3. fi àkámọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́;
4. dá ìdáhùn tí kò tọ̀nà mọ̀ kí o tó dà á kọ sínú ìwé ìdánwò;
5. ṣírò iná tí ẹ̀rọ ìfami yóò fà lára jẹnẹrétọ̀.

6.1 Ìṣòro kan láti Ìsọlọ̀

Ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 títí di òpin 1983, ló kọ́ ọgbà ilé olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo ayé ń pè ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀. Irú rẹ̀ wà ní Abẹ́sàn, ní Ìbà àti ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ilé alájà ni wọ́n, ìdílé púpọ̀ ló ń gbé inú búlọ́ọ̀kù kan, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ gun òkè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lájà tó ga jù.

Ká sọ pé àwọn ará búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ ìfami tó ń lo nǹkan bí 1,600 wáàtì. Wọ́n tún ra jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 2 kVA sí lára, wọ́n ní 2,000 kúkú ju 1,600 lọ. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ìfami sí i. Jẹnẹrétọ̀ kùn, ó gbọ̀n, ó kú. Wọ́n tún un tan, ó tún kú. Ẹni kan ní epo ni kò dára. Ẹlòmíràn ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn.

Epo dára, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í ṣe ayédèrú. Apá kan wà nínú iná tí ẹ̀rọ ìfami ń fà tí wọn kò kà mọ́ ọn. A ó rí apá náà ní 6.7, ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tẹ nọ́ńbà tó ń gbé e wọ inú kalikulétọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kalikulétọ̀ kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí o bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ: ohun tí ọwọ́ rẹ tẹ̀ ni yóò ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú orí yìí kò ju bí a ṣe ń to iṣẹ́ náà kí a tó rán an lọ.

6.2 Ìrántí kékeré

Kò sí nọ́ńbà lásán tí a lè fi lọ́po ara rẹ̀ kí ó di −1. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe fún nọ́ńbà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àmì tirẹ̀, i, tí i² = −1. Nọ́ńbà tí a kọ báyìí, a+bi, ni à ń pè ní nọ́ńbà alápá méjì nínú ìwé yìí. Complex number ni wọn yóò pè é nínú kíláàsì rẹ. Nínú 3+4i, 3 ni apá gidi, 4 ni apá i.

Rafael Bombelli, ará Itálì, ti to òfin bí a ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1572. Ní 1806, Jean-Robert Argand fi wọ́n sórí àwòrán: apá gidi ń lọ ní ìbú, apá i ń lọ ní òòró. Àwòrán Argand yìí, tó wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ọdún kìíní ní yunifásítì wa, MTH 101 tàbí MAT 101, ló jẹ́ ká mọ̀ pé nọ́ńbà alápá méjì ní gígùn, ó sì ní igun. Gígùn ni bí ó ṣe jìnnà tó sí òdo; igun ni bí ó ṣe yí kúrò lórí ìlà ìbú.

Ní 1893, Charles Steinmetz fi han àwọn onímọ̀ iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà pé nọ́ńbà yìí gan-an ló rọrùn jù láti fi ṣírò iná tó ń lọ tó ń bọ̀, irú èyí tó ń wọ ilé wa. Àwọn onímọ̀ iná ń kọ j dípò i, torí i ni wọ́n ti fi dúró fún iná tó ń ṣàn nínú wáyà. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú: j inú ìwé wọn ni i orí kalikulétọ̀ rẹ.

6.3 Lórí kalikulétọ̀ sáyẹ́ǹsì

Kalikulétọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni Casio fx-991ES PLUS àti àwọn tó jọ ọ́. Ìdí wà fún èyí. WAEC kì í gba kalikulétọ̀ tí a lè kọ ètò sínú rẹ̀ láyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bẹ́ẹ̀ irú èyí tí ń ya gíráàfù ṣeé kọ ètò sí. Nítorí náà, a ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ kìíní.* Tẹ MODE, kí o tẹ 2. CMPLX yóò hàn lókè ojú ẹ̀rọ. Bí o kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, má tíì tẹ nǹkan kan.

*Ìgbésẹ̀ kejì.* Wo bọ́tìnì ENG. Ní ipò CMPLX, òun ni i. Bí o bá fẹ́ kọ 3+4i, tẹ 3, +, 4, ENG.

*Ìgbésẹ̀ kẹta.* Bí gígùn àti igun ni wọ́n fún ọ, bí àpẹẹrẹ gígùn 5 àti igun 53.13 dígírì, tẹ 5, kí o tẹ SHIFT, kí o tẹ bọ́tìnì (−) kí àmì ∠ lè jáde, kí o wá tẹ 53.13. Tí o bá tẹ =, 3+4i ni yóò jáde, tàbí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn gbágbáágbá, torí pé a ti gé igun náà kúrú.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin.* SHIFT àti 2 yóò ṣí àkójọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti nọ́ńbà alápá méjì nìkan. Nọ́ńbà 1 níbẹ̀, arg, ń wá igun. Nọ́ńbà 2, Conjg, ń yí àmì apá i padà. Nọ́ńbà 3 ń sọ ìdáhùn di gígùn pẹ̀lú igun, nọ́ńbà 4 sì ń dá a padà sí a+bi. Gígùn nìkan ni kò sí níbẹ̀: SHIFT àti hyp ni yóò mú Abs wá.

Tí tìrẹ bá jẹ́ fx-991MS àtijọ́, MODE 2 náà ni, ENG náà ni i. Ṣùgbọ́n apá gidi nìkan ni yóò kọ́kọ́ hàn ọ́. Ìwọ ni yóò tẹ SHIFT àti = kí apá i tó yọjú. Ẹni tí kò mọ èyí yóò kọ ìdajì ìdáhùn sílẹ̀, yóò sì rò pé òun ti parí.

*Ibi tí agbára rẹ̀ mọ.* Fx-991ES PLUS máa ń sọ nọ́ńbà alápá méjì di agbára 2 tàbí 3. Bí agbára bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Math ERROR ni yóò kọ. Bí ìbéèrè bá ní kí o wá (1+i)⁸, pín iṣẹ́ náà: (1+i)² jẹ́ 2i, lọ́po ìyẹn ní ara rẹ̀, ó di −4, tún lọ́po ara rẹ̀, ó di 16. Tàbí kí o lo òfin De Moivre tí a kọ́ ní Orí Karùn-ún.

*Ìbéèrè onípò kejì.* Fún x²−6x+13=0, o kò nílò CMPLX. Tẹ MODE, 5, kí o yan 3. Tẹ 1 =, −6 =, 13 =, kí o wá tẹ = lẹ́ẹ̀kan sí i. 3+2i yóò kọ́kọ́ jáde; tẹ = sí i, 3−2i ni èkejì.

6.4 Lórí kalikulétọ̀ tí ń ya gíráàfù

Kalikulétọ̀ àkọ́kọ́ tó ń ya gíráàfù ni Casio fx-7000G, tó jáde ní 1985. Lóde òní TI-84 Plus ló gbajúmọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan rẹ kan ní òkè òkun bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ, ìyàtọ̀ tí o ó bá níbẹ̀ nìyí.

Tẹ MODE. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí a kọ REAL, a+bi àti re^θi sí. REAL ló wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Gbé àmì lọ sórí a+bi, kí o tẹ ENTER. Bí o kò bá ṣe èyí, tí o wá bèèrè √(−4), ẹ̀rọ yóò bínú sí ọ pé ìdáhùn rẹ kì í ṣe nọ́ńbà gidi, NONREAL. Ní ipò a+bi, 2i ni yóò dá ọ lóhùn.

Lórí TI-84, i wà lókè bọ́tìnì àmì ìdá mẹ́wàá: tẹ 2ND, kí o tẹ àmì náà. Tẹ MATH, kí o rìn lọ sápá ọ̀tún dé CMPLX, tí àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn ń kọ ní CPX. O ó rí conj, real, imag, angle àti abs níbẹ̀, pẹ̀lú Rect àti Polar tó ń pààrọ̀ ìrísí.

Ohun kan ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú lórí ẹ̀rọ yìí. Bọ́tìnì méjì ló jọ ara wọn: − tó ń yọ kúrò, àti (−) tó ń sọ nọ́ńbà di òdì. Ẹni tó ń ka owó lédè Yorùbá yẹ kó mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kíákíá. Nígbà tí a bá ní márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta ló wà níwájú wa kí a tó yọ márùn-ún nínú rẹ̀: ìyọkúrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè náírà márùn-ún, tí kò sì ní kọ́bọ̀ lápò, òdì ló wà. Bí nọ́ńbà bá ti wà níwájú, lo −. Bí kò bá sí nǹkan kan níwájú, lo (−).

6.5 Àkámọ́

Rán ọmọ kan lọ sọ́jà pé, "Ra tòmátì àti ata ẹgbẹ̀rún náírà." Ọmọ kan yóò ra ata ẹgbẹ̀rún, yóò tún bèèrè owó tòmátì lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ mìíràn yóò ra méjèèjì ní ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ìwọ ni o kò sọ ibi tí ẹgbẹ̀rún náà mọ. Iṣẹ́ àkámọ́ ni láti sọ ibi tí nǹkan mọ.

*Àpẹẹrẹ 1.* Fi 1−2i pín 3+4i.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ ẹ́ báyìí: 3+4i÷1−2i. Ẹ̀rọ dáhùn pé 3+2i. Kò ṣe àṣìṣe. Òfin ìṣirò ní kí a pín kí a tó rò pọ̀, nítorí náà 4i nìkan ló pín sí 1. Ó wá rò ó mọ́ 3, ó sì yọ 2i kúrò.

Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyí: (3+4i)÷(1−2i). Ìdáhùn: −1+2i.

Yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ. Bí −1+2i bá jẹ́ ìdáhùn lóòótọ́, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1−2i, ó yẹ kí a rí 3+4i gbà padà. (−1+2i)(1−2i) = −1+2i+2i−4i² = −1+4i+4 = 3+4i. Ó pé.

Òmíràn tún ni 1÷2i. Ẹ̀rọ kan yóò kà á sí 1 tí a fi 2i pín, èyí tó jẹ́ −0.5i. Ẹ̀rọ mìíràn yóò fi 2 pín 1, yóò wá fi i sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.5i. Má dán an wò láti mọ irú èyí tí tìrẹ jẹ́. Kọ 1÷(2i), gbogbo wọn yóò sì fohùn ṣọ̀kan.

6.6 Igun: dígírì tàbí radian?

Lẹ́tà kékeré kan wà lókè ojú Casio rẹ, D tàbí R. D ni dígírì, R ni radian. Igun 3+4i jẹ́ 53.13 ní dígírì, ó jẹ́ 0.9273 ní radian. Igun kan náà ni; orúkọ ló yàtọ̀. Bí o bá fẹ́ yí i padà, tẹ SHIFT MODE, kí o yan 3 fún dígírì, 4 fún radian.

*Àpẹẹrẹ 2.* Wá igun −1+2i ní dígírì.

Bí o bá fi ọwọ́ wá tan⁻¹ ti 2÷(−1), −63.43 ni ẹ̀rọ yóò sọ. Ṣùgbọ́n ya àwòrán Argand: −1 lọ sí òsì, 2 lọ sí òkè. Òkè lápá òsì ni àmì náà wà, bẹ́ẹ̀ −63.43 ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. tan⁻¹ kò mọ apá ibi tí o wà, torí 2÷(−1) àti (−2)÷1, −2 kan náà ni méjèèjì ti di kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lo arg(−1+2i): 116.57. Arg rí apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà kì í ṣìnà.

*Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń lo TI-84.* Tí ẹ̀rọ náà bá wà ní dígírì, tí o wá tẹ 5e^(53.13i), má retí 3+4i. Iye tó bá wà lórí e, radian ló máa ń kà á sí nígbà gbogbo. Ohun tí o ó rí ni −4.81+1.37i. Bí o bá fẹ́ lo e, fi ẹ̀rọ sí radian, kí o kọ 5e^(0.9273i).

6.7 A padà sí Jakande Estate

Nínú ẹ̀rọ ìfami, wáyà tí a wé pọ̀ wà níbẹ̀. Wáyà náà ń dí iná lọ́wọ́ lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ń lo iná tán. Èyí ni apá gidi. Ọ̀nà kejì ń gba iná, ó ń dá a padà, ó tún ń gbà á, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo iná kọ̀ọ̀kan: ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí 50 hertz ni iná wa. Èyí ni apá i.

Ká sọ pé, nígbà tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ìdènà rẹ̀ jẹ́ 12+16i ohm, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń fún un ní 230 fóòtì (volt). Iná tó ń fà ni fóòtì tí a fi ìdènà pín.

Tẹ: 230÷(12+16i) =

Ìdáhùn: 6.9−9.2i ánípíà (ampere).

Sọ ọ́ di gígùn pẹ̀lú igun: 11.5∠−53.13. Igun òdì yìí ń sọ pé iná ń rìn lẹ́yìn fóòtì.

Wàyí o, ka ìdáhùn náà bí ẹni tó fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀. Apá gidi, 6.9, ni èyí tó ń fa omi gòkè: 230×6.9 = 1,587 wáàtì. Ìyẹn ni 1,600 tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n wáyà jẹnẹrétọ̀ kò lè mú apá gidi kó fi apá i sílẹ̀. Ánípíà 11.5 pátá ló ń gba inú rẹ̀ kọjá: 230×11.5 = 2,645 VA, ìyẹn fóòtì lọ́nà ánípíà. Jẹnẹrétọ̀ 2,000 VA ni wọ́n rà. Ẹrù náà ti wúwo jù ú lọ kí a tó sọ̀rọ̀ iná tó ń ga sókè ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Àwọn tó sọ i ní nọ́ńbà tí kò sí, imaginary number, kò tíì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ tún ṣe. Apá i kò fa omi kankan, ṣùgbọ́n òun ló pa jẹnẹrétọ̀ náà.

Wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ẹnì kan gbàgbé àkámọ́. 230÷12+16i yóò fún un ní 19.17+16i. Àmì apá i ti di rere, bí ẹni pé iná ń sáré ṣáájú fóòtì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 25 ánípíà. Ẹni tó bá gba ìdáhùn yìí gbọ́ yóò na owó ńlá lórí jẹnẹrétọ̀ tó ju ẹrù rẹ̀ lọ fíìfíì.

6.8 Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Wá (2+5i)+(4−7i).
2. Wá (2+i)(3−2i).
3. Fi 1+3i pín 10.
4. Wá iye x nínú x²+4x+29=0.
5. Wá gígùn àti igun −5+12i ní dígírì. Ya àwòrán Argand kí o tó tẹ bọ́tìnì kankan.
6. Àwọn ará búlọ́ọ̀kù wa pe oníná. Ó so kapásítọ̀ kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ −25i ohm mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfami náà. Wá iná tí kapásítọ̀ náà ń fà lórí 230 fóòtì, kí o rò ó pọ̀ mọ́ 6.9−9.2i. VA mélòó ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé báyìí?

*Ìdáhùn.* (1) 6−2i. (2) 8−i. (3) 1−3i. (4) −2+5i àti −2−5i. (5) 13 àti 112.62. (6) Kapásítọ̀ ń fa 9.2i, àpapọ̀ jẹ́ 6.9; 230×6.9 = 1,587 VA. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti yí dáadáa, jẹnẹrétọ̀ 2 kVA wọn lè gbé e.

Bí ìdáhùn rẹ bá yàtọ̀ sí ti ìwé yìí, má tíì sọ pé kalikulétọ̀ ti bàjẹ́. Wo CMPLX lókè ojú rẹ̀, wo D tàbí R, kí o wá ka àkámọ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọ̀kan ni yóò jẹ́.